Òkúta òṣùpá kọ́ ni gbogbo òkúta dúdú: ohun tó yẹ kí ará Ìkòròdú mọ̀ kó tó sanwó

Sátidé tó kọjá ni ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà ládùúgbò wa ní Agric, Ìkòròdú, wá kan ilẹ̀kùn mi. Ó fi àkísà wé nǹkan kan, ó tún fi ọ̀rá dúdú dì í. "Ẹ kú ilé mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi wo nǹkan yìí." Ó tú u kalẹ̀ sórí tábìlì: òkúta dúdú kan tó tó ìkúùkù àgbàlagbà. Ó wúwo. Apá kan ń dán bí ìgò, apá kejì rí págunpàgun. Ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ gọ́tà lẹ́bàá títì ní Odógunyán ló ti rí i. Ó ti ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹnì kan lórí WhatsApp, onítọ̀hún sì ti fèsì pé òkúta òṣùpá ni, pé òun máa rà á ní mílíọ̀nù 12 náírà. Kìkì pé kó kọ́kọ́ fi ₦35,000 ránṣẹ́ fún owó àyẹ̀wò àti sàtífíkéètì.

Kò tíì sanwó. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ó ti yá ₦20,000 lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ìyókù ló ń wá.

Tíṣà jọ́gíráfì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti fẹ́ràn òkúta láti kékeré. Ọmọ yìí kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó máa gbé irú ẹ̀ wá bá mi lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n jókòó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa: ibi tí ariwo òkúta òṣùpá ti wá, èyí tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀, àti ibi tí àwọn gbájúẹ̀ ti ń bá wọlé.

Níger ni ẹ jẹ́ ká ti bẹ̀rẹ̀, aládùúgbò wa lókè lọ́hùn-ún. Ní November 2023, wọ́n rí òkúta kan nínú aṣálẹ̀ ẹkùn Agadez. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ kílógíráàmù 24.67. Láti pílánẹ́ẹ̀tì Mars ló ti já bọ́, kò sì sí òkúta Mars mìíràn lórí ilẹ̀ ayé tó tóbi tó o. NWA 16788 ni orúkọ tí wọ́n fún un. Ní July 2025, wọ́n lu ú ní gbàǹjo ní ilé gbàǹjo Sotheby's ní New York, owó tó wọlé sì jẹ́ dọ́là mílíọ̀nù 5.3. Ni ìjọba Níger bá figbe ta: ta ló gbé òkúta yìí kúrò nílẹ̀ wa, ta ló fún un láṣẹ? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, wọ́n sì dá kíkó òkúta iyebíye àti òkúta ojú ọ̀run jáde kúrò nílùú dúró.

Ìròyìn yẹn kò pẹ́ tó fi dé orí fóònù gbogbo èèyàn. Bí wọ́n bá sì ti dárúkọ òkúta pọ̀ mọ́ dọ́là nínú ìròyìn kan ṣoṣo, oníjìbìtì ti rí iṣẹ́ ṣe.

Òkúta Mars ni ti Níger o, kì í ṣe ti òṣùpá. Òkúta òṣùpá ní ìtàn tirẹ̀, ọ̀nà méjì ló sì ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa: kí èèyàn tàbí ẹ̀rọ lọ bù ú wá, tàbí kó fúnra rẹ̀ já bọ́.

Láti July 1969 sí December 1972, ọkùnrin 12 láti Amẹ́ríkà ló fi ẹsẹ̀ tẹ òṣùpá nínú ìrìn àjò Apollo. Kílógíráàmù 382 òkúta àti erùpẹ̀ ni wọ́n kó bọ̀. Ẹ̀rọ ni Soviet rán lọ ní tiwọn, Luna 16, Luna 20 àti Luna 24. Gbogbo ohun tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bù wá kò tó ìlàjì kílò. Ṣáínà rán Chang'e 5 lọ ní 2020, ó bu gíráàmù 1,731 bọ̀. Ní 2024, Chang'e 6 bu gíráàmù 1,935 láti ẹ̀yìn òṣùpá, apá tí kì í kọjú sí wa rárá, tí ọmọ aráyé kò bù rí.

Ibi tó yẹ kí ẹ fetí sí gan-an nìyí. Ìjọba Amẹ́ríkà ló ni òkúta Apollo, kò sì sí ẹni tí wọ́n tà á fún. Wọ́n bu èérún díẹ̀díẹ̀ fún orílẹ̀-èdè 135 gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn ọ̀rẹ́. Èyí tí wọ́n fún Honduras poórá, ó sì di ohun tí ẹnì kan ń gbé kiri ní Amẹ́ríkà pé òun fẹ́ tà. Kò wúwo ju gíráàmù kan àti díẹ̀ lọ, síbẹ̀ dọ́là mílíọ̀nù 5 ló ń béèrè. Ní 1998, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba díbọ́n bí oníbàárà, wọ́n sì gbẹ́sẹ̀ lé e. Ní 2004, ó padà sí Honduras. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní òkúta Apollo wà lọ́wọ́ òun fún títà, kò ju méjì lọ: bí kò bá jẹ́ pé wọ́n jí i, a jẹ́ pé ó ń parọ́.

Ti Soviet nìkan ló yàtọ̀. Wọ́n fún opó Sergei Korolev, ọ̀gá àwọn tó ń ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì wọn, ní èérún mẹ́ta láti inú ohun tí Luna 16 bù bọ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ju 0.2 gíráàmù lọ, kò tó iyọ̀ tí èèyàn fi ìka méjì bù. Ní 1993, wọ́n tà á ní gbàǹjo fún $442,500. Ní 2018, wọ́n tún un tà fún $855,000. Ẹ̀bùn náà ní ìwé, ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni kò fi dí wọn lọ́wọ́.

Èyí tí ẹni bíi tèmi tiyín lè rà láìrú òfin ni èyí tó já bọ́ fúnra rẹ̀. Òkúta ńlá kan láti òfurufú á lọ kọlu òṣùpá. Kò sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀ tó máa dín eré òkúta kù, agbára tí òṣùpá fi ń fa nǹkan mọ́ra pẹ̀lú kò le. Bí àfọ́kù kan bá ti sáré tó kìlómítà 2.4 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ti bọ́ nìyẹn. Ó lè máa rìn kiri fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kó tó bọ́ sí ọ̀nà ayé, kó sì jó wọlé. Àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí wọ́n dá mọ̀ ni Allan Hills 81005, tí wọ́n rí lórí yìnyín Antarctica ní January 1982. Gíráàmù 31 péré ni. Láti ìgbà yẹn wọ́n ti rí ọgọ́rọ̀ọ̀rún, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn láti Sàhárà, Oman àti Antarctica. Títí di òní, kò sí ọ̀kan tí ojú rí bó ṣe ń já bọ́. Nílẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣà wọ́n.

Kí ló dé tó jẹ́ aṣálẹ̀ àti yìnyín? Òkúta ojú ọ̀run kò yan ibi tó máa bọ́ sí. Ó lè bọ́ sí Ìjẹ̀dè bó ṣe lè bọ́ sí Agadez. Ṣùgbọ́n òjò Ìkòròdú kì í ṣeré. Láàárín ọdún díẹ̀, omi ti wọ̀ ọ́, irin inú rẹ̀ ti dípẹtà, gbòǹgbò ti là á, ilẹ̀ pupa ti gbé e mì. Nínú aṣálẹ̀ gbígbẹ, òkúta dúdú lè wà lójú iyanrìn fún ẹgbẹ̀rún ọdún títí darandaran kan á fi kọjá.

Mo ti fojú ara mi rí ègé òkúta òṣùpá, kò tó èékánná ọmọdé, nínú àpótí dígí kékeré tí ọ̀rẹ́ mi kan mú bọ̀ láti ìlú òyìnbó. Ẹ rántí ilẹ̀ tẹ̀rásò ilé àwọn bàbá wa, tí wọ́n po àfọ́kù òkúta funfun mọ́ sìmẹ́ǹtì, tí wọ́n wá fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́ títí ó fi dán? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí: àwọ̀ eérú, tòun ti ègé funfun wẹ́wẹ́ nínú. Kò dúdú bí èédú, kò dán bí ìgò. Bí wọ́n bá jù ú sórí ilẹ̀ àfọ́kù kọnkéré, n kò lè ṣà á mọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ojú nìkan kò ti lè dá a mọ̀. Láàbù ni. Wọ́n á gé ègé pẹlẹbẹ kan, wọ́n á wo àwọn èròjà inú rẹ̀, wọ́n á wọn oríṣiríṣi oxygen tó wà lára èròjà òkúta náà, wọ́n á sì ṣírò irin àti manganese, bí ọ̀kan ṣe pọ̀ ju èkejì lọ. Oxygen ti òṣùpá jọ ti ayé púpọ̀, ìdí nìyẹn tí ìṣirò irin àti manganese fi ṣe pàtàkì. Wọ́n á wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí Apollo kó bọ̀. Bí ó bá yege, ẹgbẹ́ àgbáyé tí wọ́n ń pè ní Meteoritical Society á fún un lórúkọ àti nọ́ńbà, wọ́n á sì kọ ọ́ sínú ìwé tí gbogbo ayé lè kà. Ẹni tó bá fẹ́ rà á lè wo orúkọ náà fúnra rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Òkúta tí kò bá sí níbẹ̀ kò tíì di òkúta òṣùpá, bó ti wù kí sàtífíkéètì rẹ̀ dán tó.

Àwa Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbọ́ pé òkúta ń já láti òkè. Ẹdùn àrá ti wà ní ojúbọ Ṣàngó kí wọ́n tó bí bàbá ńlá ẹnikẹ́ni nínú wa. Àwọn awalẹ̀pìtàn sọ pé púpọ̀ nínú wọn jẹ́ àáké òkúta tí àwọn ará ìgbàanì fọwọ́ ara wọn lọ̀, kí irin tó dé. Lójú tèmi, èyí kò bu iyì wọn kù, ńṣe ló fi kún un. Mo mẹ́nu bà á nítorí pé mo ti rí ẹni tó ya fọ́tò ẹdùn àrá ìdílé rẹ̀, tó sì ń polówó rẹ̀ bí òkúta òfurufú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ohun àtijọ́ ni, òfin sì kọ̀ kí ẹnikẹ́ni mú irú rẹ̀ jáde ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ tó ń rí sí mùsíọ́mù àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé.

Òkúta ojú ọ̀run gidi kò sì ṣàjèjì sí Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 3 October 1962, àgbẹ̀ kan ń lé ẹyẹ kannakánná kúrò lórí àgbàdo rẹ̀ ní abúlé Zagami, ní Katsina. Ariwo ńlá kan dún lójijì, afẹ́fẹ́ sì gbá a. Níwọ̀nba ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí ibi tó dúró, èéfín ń rú láti inú ihò kan tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì. Òkúta tó tó kílógíráàmù 18 ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ fojú inú wo bí àyà ọkùnrin náà á ti já tó. Àjọ tó ń ṣèwádìí ilẹ̀ ní Kaduna ni wọ́n gbé òkúta náà fún. Nígbà tó yá, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì fi hàn pé láti Mars ló ti wá: afẹ́fẹ́ tó há sínú dígí wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ bá èyí tí ẹ̀rọ Viking wọ̀n lórí Mars mu.

Zagami di orúkọ tí gbogbo àwọn tó ń kó òkúta òfurufú jọ mọ̀. Ní 1988, oníṣòwò òkúta kan láti Amẹ́ríkà fi pàṣípààrọ̀ gba ègé ńlá lára rẹ̀, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gé e ní wẹ́wẹ́ tà káàkiri ayé. Ọmọ ilé ìwé kan ní Japan lè fowó ra èérún Zagami. Ọmọ ilé ìwé ní Ìkòròdú kò tiẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Mo kọ́ni ní jọ́gíráfì fún ọgbọ̀n ọdún, kò sí Zagami nínú ìwé kankan tí wọ́n fún wa. Èyí dùn mí ju ọ̀rọ̀ owó lọ.

Ti Gujba náà wà, ní Yobe, tó já bọ́ ní April 1984. Oríṣi tó ṣọ̀wọ́n gan-an ni. Àwọn ará abúlé fi òòlù fọ́ ọ, wọ́n pín in. Mi ò bá wọn wí, ta ló sọ fún wọn?

Òkúta nìkan kọ́ ni àwọn èèyàn ń kó jọ. Ohunkóhun tó bá ti fara kan ìrìn àjò òfurufú ní oníbàárà: aṣọ, ìwé, báàjì, àpòòwé, ìfọwọ́sí lórí fọ́tò. Ní 2015, obìnrin lọ́yà kan ní Amẹ́ríkà ra àpò kékeré kan ní gbàǹjo ìjọba ní $995. Ó fi ránṣẹ́ sí NASA, àjọ òfurufú Amẹ́ríkà, kí wọ́n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Àpò tí Neil Armstrong, ẹni àkọ́kọ́ tó fi ẹsẹ̀ tẹ òṣùpá, kó erùpẹ̀ òṣùpá àkọ́kọ́ sí ni! NASA ní àwọn ò dá a padà mọ́. Ó gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, adájọ́ sì dá a láre, nítorí ìjọba fúnra rẹ̀ ló tà á fún un, ìwé sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní July 2017, ó tà á ní dọ́là mílíọ̀nù 1.8.

Ẹni tó ti ra ilẹ̀ ní Ìkòròdú kò nílò kí n ṣàlàyé èyí jù. Púlọ́ọ̀tì méjì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, koríko kan náà, yanrìn kan náà. Ọ̀kan ní rìsíìtì ẹbí, sọ́fè àti C of O, èkejì ní ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ onílẹ̀. Ẹ mọ èyí tí ẹ máa kọ́lé sí. Ohun tí wọ́n ń rà nínú òwò ohun òfurufú náà ni ìwé: ọwọ́ ta ló ti kúrò, ọwọ́ ta ló bọ́ sí, ọjọ́ wo. Armstrong fúnra rẹ̀ jáwọ́ nínú fífọwọ́ sí nǹkan fún àwọn èèyàn ní 1994, nítorí wọ́n ti sọ ọ́ di òwò, tí ayédèrú rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ láìná owó rẹpẹtẹ, ilé ni kí ẹ ti wò. Nínú ìwé sítáǹbù bàbá mi, sítáǹbù Nàìjíríà kan wà tó jẹ́ sísì, ti ọdún 1963. Àwòrán kápúsù Mercury, tí Amẹ́ríkà fi ń gbé èèyàn lọ sí òfurufú, àti ibùdó Kano ló wà lára rẹ̀. Ní Kano ni NASA gbé ọ̀kan nínú ibùdó tí wọ́n fi ń bá àwọn tó wà lójú òfurufú sọ̀rọ̀ sí nígbà náà. Ní ọjọ́ 23 August ọdún yẹn kan náà, olórí ìjọba wa, Abubakar Tafawa Balewa, wọ ọkọ̀ ojú omi Kingsport tó gúnlẹ̀ sí èbúté Lagos. Ó gbé fóònù, ó sì bá Ààrẹ Kennedy sọ̀rọ̀ ní Washington nípasẹ̀ sátẹ́láìtì Syncom 2. Olórí ìjọba méjì kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ gba orí sátẹ́láìtì bẹ́ẹ̀ rí. Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí wọ́n pa Kennedy. Ní January 1966, wọ́n pa Balewa náà. Nígbàkúgbà tí mo bá wọ ọkọ̀ láti Ìpàkodò kọjá ọ̀sà lọ sí Lagos, mo máa ń rántí ìpè yẹn. Ẹ yẹ àpótí àwọn bàbá wa wò kí ẹ tó dáná sun ìwé inú rẹ̀: lẹ́tà, àpòòwé, ìwé ìròyìn ìgbà yẹn.

Ká padà sórí tábìlì mi. Kí n tó mú ohunkóhun jáde ni mo ti rí àwọn ihò róbótó-róbótó lójú ibi tó ti fọ́ lára òkúta náà, bí inú búrẹ́dì Agége. Ó ṣọ̀wọ́n kí òkúta ojú ọ̀run ní irú ihò bẹ́ẹ̀. Mo mú òòfà inú sípíkà àtijọ́ wá, ó fà á díẹ̀. Òòfà nìkan kì í ṣe ẹ̀rí o: ògidì irin kò pọ̀ nínú òkúta òṣùpá, òòfà lè má fà á rárá, bẹ́ẹ̀ ó lè fa ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ irin. Mo wá fi òkúta náà ha ẹ̀yìn táìlì, níbi tí kò dán. Ó fa ìlà dúdú kan, èyí tí òkúta ojú ọ̀run kì í sábà ṣe. Mo bi ọmọ náà pé kí ni wọ́n ń ṣe nítòsí ibi tó ti rí i.

"Wọ́n ń yọ́ irin ni, mà."

Ìdàrọ́ ni. Ohun tó máa ń léfòó bí wọ́n bá yọ́ irin, tí wọ́n ń dà nù, tí wọ́n tún fi ń dí kòtò ojú títì. Odógunyán kún fún un. Òun gan-an ni àwọn èèyàn sì ń gbé kiri jù lọ káàkiri ayé pé òkúta ojú ọ̀run ni. Ẹni orí WhatsApp yẹn mọ̀. Kò fẹ́ òkúta, ₦35,000 ló fẹ́. Olùrà gidi kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ta nǹkan fún un.

Bí ọ̀kan bá wá já bọ́ lójú yín ńkọ́? Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó wà kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, kí ẹ fi báírò tì í kí èèyàn lè mọ bó ṣe tóbi tó. Ẹ kọ ọjọ́, aago àti ibi tó bọ́ sí. Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má là á, ẹ má sì fi òòfà kàn án, torí òòfà máa ń pa àkọsílẹ̀ kan rẹ́ nínú òkúta tí àwọn onímọ̀ máa fẹ́ kà. Ẹ fi bébà mímọ́ dì í, kí ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka ìmọ̀ ilẹ̀ ní University of Lagos, ní Akoka. Gíráàmù 20 tàbí ìdá kan nínú márùn-ún òkúta náà, èyíkéyìí tó bá kéré jù, ni òfin ẹgbẹ́ Meteoritical Society ní kó wà lọ́dọ̀ ilé ìwádìí. 

Ọmọ náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní òun á dá ₦20,000 ọ̀gá òun padà lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó wá bi mí bóyá ìdàrọ́ náà kò wúlò fún nǹkankan. Mo fún un ní báírò àti ègé bébà kan. Ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀, "Ìdàrọ́ irin, gọ́tà Odógunyán," ó fi ọjọ́ àti orúkọ rẹ̀ sí i. Ó fi sẹ́lótéépù lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ rẹ̀. Ó wà lójú fèrèsé mi báyìí, nítòsí ìwé sítáǹbù bàbá mi.